Aṣọ Pupa Inú Fìlà Búlúù

Láti ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi ọ̀dà funfun kọ àmì ìwólulẹ̀ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìdí Aránṣọ kò gbé ibì kan mọ́. Bó bá fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ díẹ̀, á dìde, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ilé gíga tí wọ́n ń kọ́ ní òdìkejì. Ilé náà kò yé ga. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn bíríkìlà kò tíì ga ju òpó iná lọ. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ rí wọn gbọ́dọ̀ na ọrùn sókè bí adìẹ tó ń gbé omi mì.

Ilé ìtajà ńlá ni wọ́n ń kọ́. Gíláàsì ni iwájú rẹ̀ yóò jẹ́ látòkè délẹ̀, wọ́n sì ní iná kò ní í kú níbẹ̀ láéláé. Ọ̀nà tuntun tí yóò gba iwájú rẹ̀ kọjá fẹ̀ débi pé gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù onípákó tí Aránṣọ wà yóò di àárín títì. Ìjọba ti ní kí gbogbo wọn kó ẹrù kúrò kí ìdìbò tó dé. Ibi tí wọn yóò kó o lọ ni ẹnikẹ́ni kò sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jókòó," àbúrò rẹ̀ obìnrin ké láti inú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń rán aṣọ níbẹ̀ láti ìgbà tí ìyá wọn ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún wọn. "Bí ẹ bá wo ilé yẹn títí ojú yín fi pọ́n, wọn ò ní í tìtorí ẹ̀ fún wa ní yàrá kan níbẹ̀."

"Ibi tí oòrùn máa gbà wọlé ni mò ń wò."

"Ibi tí owó máa gbà wọlé ni kí ẹ wò."

Bàbá Oníbàtà, tó ń tún bàtà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì, rẹ́rìn-ín. Etí ọkùnrin náà kì í sùn. Ọmọ Ẹgbẹ́ Pupa, ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, ni tọkàntara. Ó so àsíá pupa kan tí oòrùn ti ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ mọ́ orí àpótí iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fún ní oyè.

"Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Bí Ẹgbẹ́ Pupa bá wọlé, a ó wó ilé gíláàsì yẹn palẹ̀."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀," Aránṣọ dá a lóhùn.

"Àbí! Kí n lè máa wó o láti inú."

Oníbàtà yìí ló mú iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá fún wọn nígbà ìdìbò tó kọjá. Ìborùn pupa ni wọ́n rán nígbà náà, èékù aṣọ rẹ̀ sì kún àpò ńlá kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí di òní. Nínú iṣẹ́ wọn, ẹni tó gbé aṣọ wá ló ni ohun tí wọ́n bá rán. Aránṣọ ló ni èyí tó kù. Ìyá wọn ló kọ́ wọn pé èékù kì í ṣe ìdọ̀tí. Èékù ni wọ́n fi ń dá àpò inú ṣòkòtò, òun náà ni wọ́n fi ń tẹ́ inú ọrùn ẹ̀wù kí ó lè dúró ṣinṣin. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin àdúgbò ló ń ki ọwọ́ bọ àpò lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé inú aṣọ olódòdó ìyàwó ẹlòmíràn ni ọwọ́ àwọn wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ̀ dúdú kan dúró níwájú wọn. Awakọ̀ sáré ṣí ilẹ̀kùn, obìnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Ẹgbẹ́ sì sọ̀ kalẹ̀. Òun ni olórí àwọn obìnrin Ẹgbẹ́ Búlúù, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. Wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò gba ṣọ́ọ̀bù nínú ilé gíláàsì náà tí kò ní í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ọwọ́ rẹ yá?"

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Àwa ni."

"Fìlà ni mo fẹ́. Búlúù, kí ó ní etí níwájú tó máa ń ṣíji bo ojú. Gbogbo orí tó bá wá síbi ìpolongo wa gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan. Olùdíje wa fúnra rẹ̀ á dé e."

Àbúrò ti mú okùn ìwọnṣọ lọ́wọ́. "Ìgbà wo lẹ fẹ́ ẹ, Màmá?"

"Sátidé."

"Sátidé tó ń bọ̀ yìí?"

"Ṣé wọ́n tún ti dá òmíràn ni?"

Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdì aṣọ búlúù sílẹ̀. Màmá Ẹgbẹ́ fa Aránṣọ mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣọ́ọ̀bù kan wà nísàlẹ̀ ilé yẹn, ẹnu ọ̀nà gan-an, ó kọjú sí títì. Báǹkì ń wá a. Àwọn tó ń ta fóònù ń wá a. Mo ní kí gbogbo wọn ṣì dúró. Bí fìlà mi bá dára, tìrẹ ni. Bí kò bá dára…" Ó wo àmì funfun ara ilẹ̀kùn, kò parí ọ̀rọ̀ náà.

"Aṣọ inú rẹ̀ ńkọ́, Màmá?" Aránṣọ bi í. "Búlúù nìkan ni mo rí nínú ẹrù yìí. Fìlà tí kò bá ní aṣọ nínú kì í dúró lórí, ṣe ló máa wó bí ewé tó rọ."

"Wá nǹkan tẹ́ ẹ. Ta ló ń wo inú fìlà?"

Bí ọkọ̀ náà ṣe lọ tán, àbúrò dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fò sókè sódò. Gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ló fi sun abẹ́ pákó tó ń jò yìí. Ó ti rí ara rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì náà, ó ti rí ẹ̀rọ oníná tuntun, ó tilẹ̀ ti rí ibi tí yóò gbé dígí sí. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti wà lórí aṣọ inú.

Ó lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta aṣọ. Owó tí Màmá Ẹgbẹ́ fi sílẹ̀ fún òwú àti iṣẹ́ ọwọ́ kò súnmọ́ iye tí aṣọ funfun tí wọ́n máa ń tẹ́ sínú fìlà di.

"Iye tẹ́ ẹ ń wí yẹn, iye àná ni," olùtajà náà sọ fún un. "Owó òkèèrè tún ti gbówó lórí láàárọ̀ yìí. Bí ẹ bá jáde báyìí tí ẹ tún wọlé padà, mi ò mọ iye tí mo máa pè é."

"Ṣé aṣọ lẹ̀ ń tà ni, àbí ẹja inú omi?"

"Ẹja ṣì máa ń sinmi, ìyá mi."

Aránṣọ padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ó rìn yí tábìlì ká, ó jókòó, ó dìde, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó fa èékù kan jáde, ó nà án sókè.

"Pupa ni," àbúrò wí.

"Inú ló máa wà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, pupa mà ni."

"Aṣọ tí kò bá hàn kò ní ẹgbẹ́."

Àbúrò bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà ta jáde, ó yíjú sí ògiri Oníbàtà. "Bí bàbá yìí bá gbọ́, á kọrin. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n rẹ ẹ́ sómi iyọ̀ ná."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Aṣọ pupa olówó pọ́ọ́kú kì í di àwọ̀ rẹ̀ mú. Kí wọ́n tó rán an mọ́ aṣọ mìíràn, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ títí àwọ̀ tó fẹ́ jáde yóò fi jáde, wọ́n á sì sá a kí ó gbẹ. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣú lọ́sẹ̀ náà, eruku sìmẹ́ńtì sì ń fò láti òdìkejì bà lé gbogbo ohun tí wọ́n bá sá.

"Kò ní í gbẹ kí Sátidé tó dé," Aránṣọ ní. "Àbí ta ló ń fọ fìlà ìpolongo? Bí wọ́n bá dé e lónìí, lọ́la wọ́n á fi nu tábìlì. Gbé e wá bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gbé e wá bẹ́ẹ̀. Àbúrò ń gé, ẹ̀gbọ́n ń rán. Bí ẹsẹ̀ ọ̀kan bá rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀. Oníbàtà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láti ẹ̀yìn ògiri pé àwọn tó ń rán fìlà fún ẹni tó máa lé wọn jáde, ṣe ni wọ́n ń pọ́n àdá fún olè. Ní Fúráìdé, ọkọ̀ wá kó fìlà náà, Màmá Ẹgbẹ́ sì yẹ ọ̀kan wò láti òkè, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ní, "O káre."

Ìkùukùu ká kúrò lójú ọ̀run ní òwúrọ̀ Sátidé, oòrùn sì yọ tìbínútìbínú. Àbúrò fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ oníbàárà kan. Ó wọ́n omi, omi náà sì ta sórí èékù pupa tó wà lórí tábìlì. Ojú ẹsẹ̀ ni tábìlì pọ́n. Àbúrò fi ọwọ́ nù ún, ó fi ọwọ́ kan náà nu òógùn iwájú orí rẹ̀, kò mọ̀. Nígbà tí ó gbé ojú sókè, Aránṣọ ń wò ó bí ẹni tó rí òkú.

"Kí ló dé? Kí lẹ̀ ń wò?"

"Iwájú orí rẹ."

Àbúrò wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ìlà pupa kan ti gba iwájú orí rẹ̀ já láti etí dé etí.

"Òógùn," Aránṣọ wí. "Mo gbàgbé òógùn. Wò ó bí oòrùn ṣe ń ràn!"

Kò dúró wọ bàtà tó dára. Ó bọ́ sí títì, àbúrò sì ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń fi ìborùn pa iwájú orí. Wọ́n gun alùpùpù kan. Ọ̀nà tó ti mọ́ wọn lára ti yàtọ̀: ibi tí ilé ìwé wà, ihò ńlá ni; ibi tí wọ́n ti ń yà sọ́tùn-ún, wọ́n ti dí i pa pẹ̀lú páànù tí wọ́n ya àwòrán ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ sí. Ọkọ̀ kan tó ń po sìmẹ́ńtì dábùú ọ̀nà, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ̀yin náà ń díje ni, tẹ́ ẹ fi ń kánjú báyìí?" alálùpùpù bi wọ́n.

"Gba ibòmíràn, jọ̀ọ́."

"Ibòmíràn wo? Ibòmíràn tí mo mọ̀ lánàá, wọ́n ti kọ́ báǹkì sórí ẹ̀."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn. Kí wọ́n tó dé pápá ìpolongo ni wọ́n ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Aránṣọ dé ẹnu ọ̀nà, ó na ọrùn wo inú pápá. Búlúù ló rí láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Iṣẹ́ ọwọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó sì dára, ó dára ju bó ṣe rò lọ. Etí fìlà kò wó, orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Fún ìṣẹ́jú kan, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ó wo òkè, kò rí ìkùukùu tó tó àtẹ́lẹwọ́.

Ó fi ipá la àárín èrò títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ pèpéle. Màmá Ẹgbẹ́ dúró níbẹ̀, fìlà lórí, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣí fìlà."

"Kí wọ́n ṣí kí ni? Wò ó bó ṣe rí bí òkun! O ti ní ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ́wọ́, obìnrin yìí. Lọ fọkàn balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín Aránṣọ. Àbúrò di apá rẹ̀ mú, ó wí sí i létí pé, "Ẹ máà tíì sọ ọ́. Bóyá wọ́n máa parí kí àwọ̀ náà tó jáde." Aránṣọ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ṣùgbọ́n kò lè dúró. Ó ń ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sí òsì, ó ń wo iwájú orí àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá tó ń wá ibà lára ọmọ.

Olùdíje gun pèpéle. Ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni, ohùn rẹ̀ dùn, àpọ́nlé sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tuntun, ó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, ó ní ọrọ̀ ajé ìlú wọn ń sáré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò ń fi eruku rẹ̀ bojú. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀. Èrò ń pariwo. Obìnrin kan tó wà nítòsí Aránṣọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ náà, ó tún un wò.

"Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa bá wa sáré," Olùdíje ké, "ẹ ṣí fìlà yín, ẹ gbé e sókè kí ayé rí i!"

Wọ́n ṣí i. Wọ́n gbé e sókè. Gbogbo pápá tó jẹ́ búlúù yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, inú fìlà sì kọjú sí ọ̀run, pupa yòò. Lábẹ́ fìlà kọ̀ọ̀kan, iwájú orí kan wà tí wọ́n fi pupa lé ní ìlà. Olùdíje fúnra rẹ̀ gbé tirẹ̀ sókè lórí pèpéle, pupa sì ń kán láti iwájú orí rẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀wù funfun tó wọ̀.

Èèyàn ń wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà náà ni àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Pupa tó ti wá fara ti ọgbà láti wá ṣamí bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì lọgun pé, "A kí yín káàbọ̀ o! Ẹ ò tilẹ̀ jẹ́ ká wá pè yín!" Àwọn mìíràn nínú pápá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nàka sí ara wọn. Ẹ̀rín náà lọ bí iná inú pápá gbígbẹ.

Ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ Aránṣọ mú. Màmá Ẹgbẹ́ ni. Ó wọ́ ọ lọ sẹ́yìn pèpéle, àbúrò sì sáré tẹ̀ lé wọn.

"Ta ló rán ẹ?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi, Màmá. Ẹ ní kí n wá nǹkan tẹ́ ẹ. Ohun tí mo ní nìyẹn."

Màmá Ẹgbẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìbínú ojú rẹ̀ rọlẹ̀, ìbẹ̀rù sì gba ipò rẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Olùdíje máa pè ẹ́. Oníbàtà ẹ̀gbẹ́ yín yẹn, ọmọ Ẹgbẹ́ Pupa kọ́ ni?"

"Òun ni."

"Sọ pé òun ló gbé aṣọ yẹn wá. Sọ pé funfun ni mo fún ẹ, òun ló pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣì jẹ́ tìrẹ."

"Ẹ ò fún mi ní funfun."

"Mo mọ ohun tí mo fún ẹ!"

"Kí ni wọ́n máa ṣe fún un?"

"Wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n á tì í mọ́lé títí ìdìbò á fi kọjá. Kì í ṣe ikú."

Àbúrò di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ ti kún fún omijé. "Ẹ gbà, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà. Ẹnu Bàbá Oníbàtà á yọ ọ́. Ta ló máa yọ àwa?"

Kí Aránṣọ tó dáhùn ni wọ́n ti pè é. Olùdíje jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ó ń fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí. Bó ti ń nù ún tó, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ̀ sí i. Àwọn ọkùnrin dúró yí i ká, kò sí èyí tó jẹ́ wo ojú rẹ̀.

"Màmá," ó pe Aránṣọ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán fìlà mi. Ta ló ṣe èyí?"

Aránṣọ wo Màmá Ẹgbẹ́. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó rí ṣọ́ọ̀bù náà, ó rí gíláàsì rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ tó jókòó síbẹ̀. Ó tún rí ògiri pákó tó wà láàárín òun àti Oníbàtà, ó sì mọ̀ pé bí òun bá jókòó sẹ́yìn gíláàsì yẹn, kò ní í sí ọjọ́ kan tí ẹ̀rí ọkàn òun ò ní í máa mú òun dìde.

"Èmi ni," ó ní. "Èékù aṣọ tèmi ni. Mi ò rí funfun gbà, mi ò sì lówó rẹ̀. Mo rò pé inú kì í hàn. Kò sí ẹni tó bá mi dá sí i."

"Ẹ ò rí funfun gbà?" Olùdíje yíjú sí Màmá Ẹgbẹ́. Obìnrin náà ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Olùdíje wò ó, ó yé e, ṣùgbọ́n ìdìbò ti súnmọ́, Màmá Ẹgbẹ́ ló sì ni ìbò àwọn obìnrin. Ó fa ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé.

"Fún báǹkì ní ṣọ́ọ̀bù yẹn," ó wí láti ojú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa Aránṣọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò dá rìn níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí wọ́n fi délé. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, Oníbàtà ti gbọ́ apá tó pani lẹ́rìn-ín nínú ìròyìn náà, ó ń jó níwájú àpótí rẹ̀.

"Ìyàwó wa! Ẹ ti sọ gbogbo Ẹgbẹ́ Búlúù di tiwa láàárín ọ̀sán kan! Kí lẹ fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi yín jẹ?"

"Ẹ dákẹ́!" àbúrò jágbe mọ́ ọn. "Wọ́n ní kí Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ẹ̀yin ni. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ fi san án. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Nítorí yín la ò fi ní nǹkan kan mọ́. Ẹ máa jó lọ!"

Oníbàtà dúró. Ó wo Aránṣọ, Aránṣọ sì ń wá abẹ́rẹ́ kan tí kò sọ nù lórí tábìlì.

"Ẹ̀yin ì bá ti sọ pé èmi ni," Oníbàtà wí. "Wọ́n ní wọ́n máa ń fún èèyàn lóúnjẹ níbẹ̀." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbé àwàdà náà.

Katakata tí wọ́n fi ń wó ilé dé ní Mọ́ńdè. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Oníbàtà ti yá ọmọlanke kan wá. Ó gbé ẹ̀rọ méjèèjì sí i kí ó tó ronú kan àpótí tirẹ̀, ó so wọ́n mọ́ ọn pẹ̀lú okùn bàtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Àbúrò kọ́kọ́ dá rìn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó yíjú sí apá ibòmíràn. Nígbà tí táyà ọmọlanke rì sínú yanrìn, ó wá, ó fi èjìká tì í. Lẹ́yìn wọn, wọ́n gbọ́ nígbà tí pákó bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Aránṣọ kò wẹ̀yìn.

Wọ́n rìn lórí ọ̀nà tuntun tí wọn kò tíì ṣí fún ọkọ̀. Ibi tí wọ́n bá dúró sí, ẹnì kan á ní kí wọ́n kúrò. Abẹ́ afárá tó ń gòkè lọ́wọ́ ni òbí kan ti rí wọn, ó na aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ̀ sí wọn.

"Ẹ̀yin ìyá, aránṣọ ni yín, àbí? Apá rẹ̀ ló já. Ọmọ náà ń dúró ní ilé ìwé."

Aránṣọ wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò mí kanlẹ̀, ó tú okùn, ó sì di ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan mú kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè gbé e sílẹ̀ lórí ọ̀dà títì. Ẹ̀rọ náà kò dúró gún. Oníbàtà ki awọ bàtà bọ abẹ́ rẹ̀. Aránṣọ jókòó sórí àpótí, ó fi apá aṣọ náà sábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ọkùnrin kan tó dé àkẹtẹ̀ iṣẹ́ ń bọ̀ láti òkèèrè, ó ń fi súfèé pè wọ́n, ó ń ju ọwọ́.

"Ẹ ò lè dúró síbẹ̀ o! Ẹ dìde níbẹ̀!"

"Mo ti ń dìde," Aránṣọ dá a lóhùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wa ẹ̀rọ lọ.